Iye Àmì Kọ́ Ló Nira: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ka Ìkọ̀wé Ọwọ́ Àwọn Ará Ṣáínà

Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà ka nọ́ńbà tí èèyàn fi ọwọ́ kọ, ohun 10 péré ló ní láti mọ̀ yàtọ̀ síra, láti orí òdo dé orí ẹẹ́sàn-án. Bó bá jẹ́ lẹ́tà A sí Z ni, 26 ni. Ká tiẹ̀ ní ó ya lẹ́tà ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré, 52 ni. Ṣùgbọ́n èdè Ṣáínà kì í lo lẹ́tà. Àmì kan ló sábà máa ń dúró fún sílébù kan pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀, àwọn àmì náà sì lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ìwé atúmọ̀ èdè tí ọba Kangxi pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe, èyí tó jáde ní ọdún 1716, kó àmì 47,035 jọ.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá rí ará Beijing tó ń fi ìka kọ nǹkan wúruwùru sójú fóònù, tí fóònù sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, iye yẹn ló máa ń yà á lẹ́nu. Báwo ni fóònù ṣe há ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì sórí? Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ ibi tí iṣẹ́ wà kọ́ nìyẹn. Kò sí ohun tó rọrùn fún kọ̀ǹpútà tó kó há nǹkan sórí. Ohun tó ti ń fún un níṣòro láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ni ọwọ́ èèyàn. Èèyàn méjì kì í kọ àmì kan náà bákan náà. Ẹnì kan ṣoṣo gan-an kì í kọ ọ́ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn àmì kan sì wà tó jẹ́ pé, bí ọwọ́ bá ti yá, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn á pòórá pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká tètè parí ọ̀rọ̀ iye. Kò sẹ́ni tó ń lo àmì 47,035. Àkójọ tí ìjọba Ṣáínà gbé jáde ní 2013 ní àmì 8,105, 3,500 àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ló sì wọ́pọ̀ jù lọ. Fún kọ̀ǹpútà, ìlànà àkójọ àmì tó ti pẹ́ ni GB 2312 ti ọdún 1980, tó ní àmì 6,763 tí wọ́n pín sí ìpele méjì. Ìpele àkọ́kọ́ ní 3,755. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, torí òun ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń fi dán ẹ̀rọ wò, òun náà sì kó ohun tó pọ̀ jù nínú ìwé ojoojúmọ́.

Iṣẹ́ méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan

Ohun kan wà tó máa ń da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ èèyàn lójú. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè ní kíka ìkọ̀wé ọwọ́. Nínú èyí àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà ń wo ọwọ́ bó ṣe ń kọ̀wé lọ́wọ́. Nínú èkejì, wọ́n gbé ohun tí ẹnì kan ti kọ parí síwájú rẹ̀ pé kó kà á.

Ẹ wo 十, àmì tó dúró fún ẹẹ́wàá. Ìlà méjì péré ló ní. Bí èèyàn bá fi ìka kọ ọ́ sójú fóònù, kì í ṣe àwòrán ló ń wọlé. Ohun tó ń wọlé ni ìtò ibi tí ìka ń gbà kọjá: ó wà níbí, ó sún díẹ̀, ó tún sún díẹ̀, ó gbéra. Ìtò àkọ́kọ́ á bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, á forí lé apá ọ̀tún, gíga rẹ̀ ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìtò kejì á bẹ̀rẹ̀ lókè, á sọ̀ kalẹ̀. Kí fóònù tó ronú rárá, ó ti mọ̀ pé ìlà méjì ni, ó mọ èyí tó ṣáájú, ó sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọrí sí.

Bí ẹni náà bá wá fi bírò kọ 十 kan náà sórí ìwé, tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá sọ fọ́tò náà di kékeré, kó jẹ́ ojú 64 (àwọn ìdá wínníwínní tí wọ́n fi ń to fọ́tò) ní ìbú àti 64 ní òòró, ohun tí kọ̀ǹpútà ní lọ́wọ́ ni nọ́ńbà 4,096, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ bí ojú kan ṣe dúdú tó. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìlà méjì ló wà níbẹ̀. Ibi tí ìlà méjèèjì ti gbé dábùú ara wọn, dúdú lásán ni lójú tirẹ̀. Bí ìwé náà bá lábàwọ́n, tàbí tí yíǹkì tàn, òun náà á wọ inú nọ́ńbà yẹn.

Èèyàn á rò pé èyí àkọ́kọ́ ló rọrùn, bẹ́ẹ̀ ló sì rí lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀bìtì tirẹ̀. Ẹ mú 右, tó túmọ̀ sí ọ̀tún. Ilé ìwé ní Ṣáínà ń kọ́ ọmọ pé ìlà ìbú ni kó kọ́kọ́ fà, kó tó fa èyí tó dagun wá sí òsì. Ní Jàpáànù, tí wọ́n ti ń lo àmì kan náà, èyí tó dagun ni wọ́n ń fà ṣáájú. Lórí ìwé, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Fún ẹ̀rọ tó gbẹ́kẹ̀ lé ètò ìfàlà, àmì méjì ni. Ẹni tó bá sì gbàgbé ẹ̀kán kan, ìyẹn ìlà kékeré tó dà bí ìkán omi, nínú àmì, tó kọ àmì tó kù parí kó tó padà lọ sọ ọ́ sí i, ó ti da ètò rú nìyẹn. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan kì í gbà: bí ẹ ò bá tẹ̀ lé ètò tí olùkọ́ kọ́ yín, wọn ò ní mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n ń ṣe lóde òní ni pé wọ́n á sọ ìrìn ìka náà di àwòrán, wọ́n á wá so ìhà tí ìlà kọ̀ọ̀kan kọrí sí mọ́ ọn. Ètò ò ní jẹ́ àpáta ìkọ̀sẹ̀ mọ́, ìmọ̀ tó wà nínú ìrìn ọwọ́ ò sì ní sọ nù.

Kí ẹ̀rọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ara rẹ̀

Ní 1966, Richard Casey àti George Nagy ti ilé iṣẹ́ IBM tẹ iṣẹ́ kan jáde tó ka oríṣi àmì Ṣáínà 1,000. Ìtẹ̀wé ni wọ́n kà o, kì í ṣe ìkọ̀wé ọwọ́. Wọ́n ní àwòṣe fún àmì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé e lé èyí tí wọ́n fẹ́ kà, wọ́n sì ń wo bí wọ́n ṣe bára mu tó. Kí ó má baà pẹ́ jù, wọ́n kọ́kọ́ ń wá ẹgbẹ́ tí àmì náà jọ, kí wọ́n tó wá a láàárín ẹgbẹ́ yẹn. Ìpín sí ẹgbẹ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú ìṣòro iye tán, láti ọdún yẹn. Ṣùgbọ́n àwòṣe ò lè gba ti ìkọ̀wé ọwọ́. Bí ìlà kan bá fi díẹ̀ yẹ̀ sókè, kò bára mu mọ́ nìyẹn.

Jàpáànù ni iṣẹ́ náà ti gbèrú lẹ́yìn ìyẹn, torí àwọn náà ń kọ àmì Ṣáínà nínú èdè wọn. Ní 1968 ni orílẹ̀-èdè náà bẹ̀rẹ̀ sí í lo kóòdù ìfìwéránṣẹ́, tí ẹ̀rọ Toshiba sì ń ka nọ́ńbà tí àwọn èèyàn fi ọwọ́ kọ sójú lẹ́tà. Oríṣi 10 péré nìyẹn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lé àmì gidi. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1980 sí 1989, wọ́n ti kó àpẹẹrẹ kan jọ tí wọ́n ń pè ní ETL9, tó ní àmì 2,965, àpẹẹrẹ 200 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìka hiragana, lẹ́tà tí àwọn ará Jàpáànù fi ń kọ ìró.

Ọgbọ́n tó ṣí ọ̀nà nígbà yẹn yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí kò tíì kú títí di òní. Ẹ mú àpótí tí àmì wà nínú rẹ̀, kí ẹ pín in sí ojú mẹ́jọ ní ìbú àti mẹ́jọ ní òòró. Nínú ojú kọ̀ọ̀kan, ẹ má béèrè ibi tí dúdú wà. Ohun tí ẹ máa béèrè ni pé: ìlà ìbú tó wà níbí pọ̀ tó báwo? Ìlà òòró ńkọ́? Èyí tó dagun sí ọ̀tún ńkọ́, èyí tó dagun sí òsì ńkọ́? Nọ́ńbà mẹ́rin nìyẹn fún ojú kọ̀ọ̀kan, ojú sì jẹ́ 64, gbogbo rẹ̀ di nọ́ńbà 256. Wàyí o, bí ọwọ́ ẹnì kan bá gbọ̀n, tí ìlà ìbú rẹ̀ fi díẹ̀ lọ sókè, ó ṣì máa wà nínú ojú kan náà, ó ṣì máa jẹ́ ìlà ìbú. Àwọn nọ́ńbà náà ò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun tí àwòṣe kò lè fara dà, ọ̀nà yìí fara dà á.

Wọ́n sì tún ní ẹ̀tàn kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Kí wọ́n tó ka ìhà rárá, wọ́n á wo ibi tí ìlà ti há mọ́ra nínú àmì náà, wọ́n á nà án. Ibi tó bá ṣófo, wọ́n á sún un pọ̀. Ẹni tó ti fi apá òsì àmì gba àyè tán, tó wá ń há apá ọ̀tún mọ́ igun, ẹ̀rọ á bá a tún un ṣe kó tó kà á.

Ní 1987, Fumitaka Kimura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìṣirò kan kún un, tí orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ MQDF. Ohun tó ń ṣe ni pé, fún àmì kọ̀ọ̀kan, kì í rántí bí àmì náà ṣe sábà ń rí nìkan. Ó tún ń rántí ibi tí ọwọ́ àwọn èèyàn ti máa ń yẹ̀ àti ibi tí kì í ti yẹ̀. Fún 口, tó túmọ̀ sí ẹnu, igun lè ṣe rìbìtì, ẹ̀gbẹ́ lè dagun, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlà kan bá wà láàárín rẹ̀, 日 ni, kì í ṣe 口 mọ́. Ó lé ní ogún ọdún tí ìṣirò yìí fi jẹ́ òpó iṣẹ́ náà. Ní Ṣáínà fúnra rẹ̀, Liu Yingjian, tó ti inú ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ìjọba jáde, dá ilé iṣẹ́ Hanwang sílẹ̀, ó sì ń ta pátákó àti gègé tí èèyàn lè so mọ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn tí kò lè fi kíbọ́ọ̀dù kọ èdè wọn.

Ọwọ́ tó ń sáré

Àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn pín ìkọ̀wé sí oríṣi, mẹ́ta sì ló kan ọ̀rọ̀ wa. Kaishu ni èyí tí wọ́n ń kọ́ ọmọ níléèwé, ìlà kọ̀ọ̀kan dá dúró. Xingshu ni ti àgbàlagbà tó ń kọ lẹ́tà: àwọn ìlà ti ń so mọ́ra. Caoshu ni ti ẹni tó ń sáré tàbí tó ń fi ìkọ̀wé dárà, gègé ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbéra. Kaishu ò fún ẹ̀rọ níṣòro mọ́. Caoshu sì wà tó jẹ́ pé ará Ṣáínà tó kàwé dáadáa ò lè kà á tán. Xingshu ni ti ojoojúmọ́, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà.

Ẹ wo 三, ẹẹ́ta. Ìlà ìbú mẹ́ta tó dá dúró ni. Bí gègé kò bá gbéra, ìlà tó ń so wọ́n pọ̀ á yọjú, àmì náà á sì di wọ́gọwọ̀gọ kan ṣoṣo. Ìlà mẹ́ta ti di ọ̀kan, ìlà tó dagun tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan sì ti wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tó bá ń ka iye ìlà ti ṣìnà nìyẹn.

Èyí tó le jù ni ti àwọn àmì tó jọra bí ìbejì. 土 àti 士: èwo ló gùn jù nínú ìlà ìbú méjèèjì, ti òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀? 未 àti 末: ìbéèrè kan náà. 大, 太 àti 犬: ṣé ẹ̀kán wà, ṣé kò sí, ibo ló wà? Ẹ wá wo 己, 已 àti 巳 dáadáa. Gbogbo ìyàtọ̀ wọn wà ní apá òsì, níbi tí ìlà tó kẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀. Ní 己, kò gòkè kọjá ìlà àárín. Ní 已, ó gòkè dé ìlàjì àyè tó wà láàárín ìlà yẹn àti orí. Ní 巳, ó gòkè títí ó fi kan orí. Nínú ìtẹ̀wé, ó hàn kedere. Nínú ọwọ́ ẹni tó ń kánjú, àmì kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ gọ̀. Ìyàtọ̀ náà kò sí lórí ìwé rárá. Ẹni tó ń kà á mọ̀ ọ́n nítorí àmì tó wà nítòsí rẹ̀. 自己 ni ọ̀rọ̀ fún ara ẹni. 已经 ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ tán. 巳 sì ṣọ̀wọ́n, ó wà nínú kíka ọdún àti wákàtí àtijọ́. Bí ẹ bá gé àmì náà kúrò lára àwọn aládùúgbò rẹ̀, tí ẹ gbé e fún ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Ṣáínà, àfojúbù lòun náà máa ṣe.

“Ẹ̀rọ ti ju èèyàn lọ”

Láti 2007 sí 2010, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí Institute of Automation ní Beijing ní kí èèyàn 1,020 kọ àwọn àmì sórí ìwé pẹ̀lú gègé kan tó ń fi yíǹkì sílẹ̀, tó sì tún ń rántí ìrìn ọwọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, wọ́n rí àwòrán àti ìrìn ọwọ́ gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwòrán àmì tó dá dúró tí wọ́n rí kó jọ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.9.

Àkókò yẹn gan-an ni neural network, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ́ nǹkan láti inú àpẹẹrẹ, wá gbòde nínú iṣẹ́ yìí. Pẹ̀lú èyí, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń jókòó ronú pé kí wọ́n ka ìlà ìbú tàbí ìlà òòró. Wọ́n á fi àwòrán han ẹ̀rọ, á fojú bù ú, wọ́n á sọ ìdáhùn tó tọ́ fún un, á sì yí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ padà díẹ̀ sí ibi tí àṣìṣe náà á ti dín kù. Wọ́n á tún fi òmíràn hàn án, àìmọye ìgbà. Nínú ìdíje kíka ìkọ̀wé ọwọ́ Ṣáínà ti 2011, ẹgbẹ́ kan láti ilé ìwádìí IDSIA ní Switzerland ló borí níbi kíka àwòrán, pẹ̀lú 92.18 nínú 100. Wọ́n sọ pé kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó gbọ́ èdè Ṣáínà.

Ní 2013, wọ́n tún dánra wò pẹ̀lú ìkọ̀wé ọwọ́ èèyàn 60 tí ẹ̀rọ ò rí rí, àmì 3,755. Fujitsu ló ṣe ipò kìíní fún àwòrán, pẹ̀lú 94.77. Fún ìrìn ọwọ́, ẹ̀rọ Ben Graham ti Yunifásítì Warwick ní 97.39. Àwọn tó ṣètò ìdíje náà tún ní kí àwọn èèyàn ka àwọn àmì yẹn: wọ́n gba 96.13 fún àwòrán, 95.19 fún ìrìn ọwọ́. Ní 2015, Fujitsu kéde pé ẹ̀rọ òun ti kọjá èèyàn níbi àwòrán náà. Lẹ́yìn ọdún méjì, Xu-Yao Zhang, Yoshua Bengio àti Cheng-Lin Liu ti kọjá 97 nínú méjèèjì.

Ohun kan dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ àwọn mẹ́ta yìí. Kì í ṣe fọ́tò lásán ni wọ́n fún neural network wọn. Wọ́n kọ́kọ́ pín ìlà sí ìhà tó kọrí sí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Jàpáànù ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú, wọ́n sì rí i pé ó ràn án lọ́wọ́.

Ní ti pé ẹ̀rọ ti ju èèyàn lọ, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Àmì ẹyọ kan, tí wọ́n gé kúrò nínú gbólóhùn, ni wọ́n gbé fún èèyàn. Kò sẹ́ni tó ń kàwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba ohun tí èèyàn fi ń ṣẹ́gun ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wá ní kí wọ́n jọ díje. 97 nínú 100 fúnra rẹ̀ náà dùn ún gbọ́ ju bó ṣe rí lọ. Àmì tí wọ́n fi dán ẹ̀rọ wò níbi àwòrán ní 2013 jẹ́ 224,419. Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lé ní 6,700. Lójú ìwé kan tó ní àmì 500, àṣìṣe 15 nìyẹn.

Nígbà tí àmì bá tò lérí ìlà

Ìwé gidi kì í wá lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ìkọ̀wé Ṣáínà kì í sì í fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀ kan àti èkejì. Nítorí náà, kí ẹ̀rọ tó kà, ó ní láti mọ ibi tí àmì kan parí sí. Ẹ wo 好, tó túmọ̀ sí dáadáa. 女 ló wà lápá òsì, 子 lápá ọ̀tún. Ẹ wá wo 女子: àmì méjì, obìnrin ló túmọ̀ sí. Nínú ìtẹ̀wé, 好 há àwọn ẹ̀yà rẹ̀ mọ́ àpótí kan, 女子 gba àpótí méjì. Nínú ọwọ́ ẹni tó ń kọ̀wé fẹ̀ ńkọ́? Àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yà méjì inú 好 lè ju èyí tó wà láàárín 好 àti àmì tó tẹ̀ lé e lọ. 明 náà lè di 日月, 林 lè di igi méjì tó dá dúró.

Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà yanjú rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ má tètè pinnu. Á gé ìlà náà sí wẹ́wẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, á wá gbìyànjú oríṣiríṣi ọ̀nà tí wẹ́wẹ́ náà lè gbà so pọ̀. Á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì: ṣé ìrísí rẹ̀ bá àmì kankan mu, ṣé fífẹ̀ rẹ̀ bá ti àwọn yòókù mu, ṣé àwọn ọ̀rọ̀ náà máa ń tẹ̀ léra nínú èdè? Ibi ìbéèrè kẹta yìí ni ẹ̀rọ ti ń rí ohun tí wọ́n fi du èèyàn nínú ìdíje gbà padà. Bí àmì tó ṣáájú bá jẹ́ 很, tó túmọ̀ sí gan-an, ohun tó máa tẹ̀ lé e ṣeé ṣe kó jẹ́ 好 ju 女子 lọ dáadáa. Ọ̀nà tuntun kò gé nǹkan kan rárá. Neural network á rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin, á máa sọ àmì tó bá rí bó ṣe ń lọ. Nínú ìdíje 2013 yẹn, kò sí ẹ̀rọ kankan tó dé 90 nínú 100 níbi kíka fọ́tò ìlà odindi, nígbà tí ẹyọ àmì ti súnmọ́ 95. Gígé wà lára ohun tó dá ìyàtọ̀ yẹn sílẹ̀.

Fóònù

Ọ̀pọ̀ ará Ṣáínà ń fi pinyin kọ̀wé lórí fóònù, ìyẹn ni pé wọ́n ń fi lẹ́tà A sí Z kọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dún, wọ́n á wá yan àmì. Àmọ́ pinyin tẹ̀ lé ìró èdè ìjọba. Arúgbó tó jẹ́ pé Cantonese ló ń sọ lè má mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá sì rí àmì tí kò mọ̀ lójú pátákó tàbí nínú orúkọ ẹnì kan kò lè tẹ ìró tí kò mọ̀. Ọ̀nà tó kù fún un ni kó fi ìka yà á.

Ní 2017, Apple ṣàlàyé bí fóònù wọn ṣe ń dá nǹkan bí àmì 30,000 mọ̀. Wọ́n ní láti mọ ti Ṣáínà, tí ìjọba ti sọ ọ̀pọ̀ àmì di fífúyẹ́ láti 1956, àti ti Taiwan àti Hong Kong tí kò yí padà. Dírágónì nìkan, ìlà 5 ni nínú 龙, ìlà 16 nínú 龍. Ohun tí wọ́n rí bá ohun tí mo ń sọ láti òkè mu. Bí iye àmì ti ń pọ̀ sí i, díẹ̀díẹ̀ ni pípéye ń lọ sílẹ̀, bí àpẹẹrẹ tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ bá ti pọ̀ tó, tó sì dára. Wọn kò bẹ̀rù 30,000. Iṣẹ́ tó gbà wọ́n lásìkò ni kí wọ́n rí ìkọ̀wé ọwọ́ ọmọdé àti àgbà, láti agbègbè oríṣiríṣi, kó jọ.

Fóònù tún ní àǹfààní kan tí ẹ̀rọ tó ń ka ìwé àtijọ́ kò ní: kò pọn dandan kó pinnu. Á to àmì bíi mélòó kan sójú, ẹni tó kọ ọ́ á yan èyí tó fẹ́. Ọ̀rọ̀ 己 àti 已 ò wá le mọ́ níbẹ̀, torí àwọn méjèèjì á jọ yọjú.

Àmì tí kò sẹ́ni tó kọ àpẹẹrẹ rẹ̀

Ìlànà àkójọ àmì tuntun ní Ṣáínà, GB 18030-2022, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ 2023. Àmì 87,887 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan nínú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n débi pé orúkọ èèyàn tàbí ti ìlú kékeré nìkan lẹ ti lè rí wọn, ẹni tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sì fẹ́ kí báńkì lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ò lè ní kí èèyàn 1,020 jókòó kọ àmì 87,887 lọ́kọ̀ọ̀kan; àwòrán tó ń lọ sí mílíọ̀nù 90 nìyẹn.

Ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti wá ni pé àwọn àmì náà kò ṣẹ̀dá ara wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀yà díẹ̀ ni wọ́n ń pín lò. 氵, tó ń tọ́ka sí omi, wà nínú 河 (odò), 海 (òkun) àti 湖 (adágún). Ní ọdún 1999 ni Unicode, àkójọ àgbáyé tó ń fún lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà fún kọ̀ǹpútà, gba àmì 12 wọlé tó ń sọ bí ẹ̀yà ṣe tò: òsì àti ọ̀tún, òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀kan nínú èkejì, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì USTC ní ìlú Hefei wà lára àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ láti má sọ orúkọ àmì, bí kò ṣe kó ka ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan àti bí wọ́n ṣe tò. Bí àwọn ẹ̀yà kan bá wà lápá báyìí àti báyìí, á lọ wo àkójọ, á sì rí àmì tó ní wọn, bí kò tilẹ̀ rí i rí láyé.

Fún ìtẹ̀wé, ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́ dáadáa. Fún ìkọ̀wé ọwọ́, pípéye rẹ̀ lórí àmì tí kò rí rí ṣì wà lẹ́yìn èyí tó rí nígbà ẹ̀kọ́. Ìdí ni pé ó fẹ́ kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan hàn, xingshu sì ń so ẹ̀yà kan mọ́ èkejì débi pé ẹ̀kán mẹ́ta inú 氵 á di ìlà kan tó wọ́ wá sísàlẹ̀, tó sì bá ibẹ̀ gba inú ẹ̀yà tó wà lápá ọ̀tún lọ.